Níbo Ni Kí Omi Gbà, Níbo Ni Kí Èèyàn Lọ?

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, lókè Agbeni, n'Ìbàdàn. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Bí òjò bá ti ṣú, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé ẹ̀kọ kiri inú àgbàlá, wọn a wo ìsàlẹ̀ níbi tí odò Ògùnpa gbà kọjá, wọn a ní: "Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un." Mo gbọ́ òwe yìí títí n kò fi kà á sí ọ̀rọ̀ mọ́. Létí mi, kò yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá ní kí n ká aṣọ wọlé kí òjò má baà pa á. Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Òjò ọjọ́ yẹn kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń dúró dè kó dá. Ó rọ̀ títí a fi gbàgbé pé ó ń rọ̀. Garawa tí ìyá àgbà gbé sí ẹnu ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kún, a dà á nù, ó tún kún. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ọlọ tó tóbi ju ilé lọ bá ń lọ nǹkan. Àwọn àgbà inú ilé dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé odò ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ìsàlẹ̀ tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mọ́tò gun orí mọ́tò. Ìdì aṣọ láti Gbági tú sínú ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Àwọn ilé alámọ̀ tó wà létí odò ti yọ́ bí iyọ̀. Àwọn èèyàn ń rìn sókè sódò, wọ́n ń pe orúkọ. Òkú tí wọ́n rí kó lé ní 200. Nígbà tí a wọlé ìwé padà, àga ọmọkùnrin kan tí èmi àti rẹ̀ jọ ń jókòó ṣófo. Ìsàlẹ̀ ni ilé wọn wà. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì pe orúkọ mi tó tẹ̀ lé e.

Oríṣiríṣi àlàyé ló gba ìlú. Àwọn kan ní odò ló bínú. Àwọn mìíràn ní ìjọba ló jẹ̀bi, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: Ògùnpa ti kún lọ́dún 1978, ó gbẹ̀mí èèyàn, ó sì ti kún lọ́dún 1960 àti 1963 kí wọ́n tó bí mi. Mo bi ìyá àgbà léèrè. Wọ́n ní: "Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé yìí ní ìyàwó, kókò àti ewé eéran ló kún gbogbo etí odò yẹn. Ibẹ̀ làwa obìnrin ti ń lọ já ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀." Mo ní, kí ló wá dé tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀? Wọ́n ṣẹ́ ewé ọwọ́ wọn po, wọ́n ní: "Ọmọ mi, èèyàn ló pọ̀ ju ilẹ̀ lọ." N kò mọ̀ pé èmi yóò fi ogójì ọdún wá ojútùú gbólóhùn kan yẹn.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní jíógíráfì ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya òkè Mápó, ó ya Òkè-Ààrẹ, ó fi ìlà kan so wọ́n pọ̀, ó ní egungun ẹ̀yìn Ìbàdàn nìyẹn. Ó ya Ògùnpa, ó ya Kúdẹtì tó ń ṣàn bọ̀ wá bá a. Ó wá ní kí a ka iye páànù tí a lè rí láti ojú fèrèsé. A kà á, ó sú wa. Ó ní: "Igbó a máa mu omi. Páànù kì í mu omi. Ọ̀dà kì í mu omi. Gbogbo omi tí igbó ì bá mu, ta lẹ rò pé ó ń mu ún báyìí?" Kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ojú mi lọ sí àga tó ṣófo. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1983. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà ní Nàìjíríà, èyí tó jáde lọ́dún 1968, ni a ń gbà lọ́wọ́ ara wa títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú Yorùbá ti ní ètò tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọjà ní ibi tí ó yẹ kó wà, agboolé ní ibi tirẹ̀. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó fẹ́ràn òkè nítorí ọ̀tá, wọ́n sì fi àfonífojì sílẹ̀ fún odò, ewé àti kókò. Ìyá àgbà kò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ti sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ.

Nígbà tí ó kan iṣẹ́ ìwádìí mi, mo fi ẹsẹ̀ rin etí Ògùnpa láti apá Bódìjà títí dé Mọ́lété. Mo mú téèpù àti ìwé dání. Ní ọjọ́ kejì, mo ti rí i pé téèpù nìkan kò tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Mo ń bi àwọn àgbà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni omi dé lọ́dún 1980?" Wọn kì í ronú rárá. Wọn a nawọ́ sí ara ògiri: ibí. Ẹnì kan fi ìka rẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ fèrèsé. Ìyá kan gbé ọwọ́ lé èjìká ara rẹ̀. Láti ilé dé ilé, mo rí i pé odò náà ní máàpù kan tí ìjọba kò ní, inú orí àwọn èèyàn ló wà. Títí dòní, bí mo bá dé ibì kan tí n kò dé rí, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ ètò ìlú àti agbègbè. Nígbà tí mo wà lẹ́nu rẹ̀, lọ́dún 1988, ìròyìn Koko gba gbogbo ayé: pàǹtí olóró tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Ítálì, tí wọ́n sì kó jọ sí àgbàlá ẹnì kan ní ìlú kékeré yẹn, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu. Ìbínú tó gba ìlú ló mú kí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀ lọ́dún náà, èyí tí a mọ̀ sí FEPA. Lọ́dún 1992, òfin 86 jáde, tó ní iṣẹ́ ńlá kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò ba omi, ilẹ̀ àti ìgbésí ayé àwọn èèyàn jẹ́. Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ rò pé ayé ti dé ọ̀nà. Orúkọ iṣẹ́ mi ṣòro fún àwọn ará ilé láti pè. Ìyá àgbà ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ń sọ fún àwọn oníbàárà wọn pé: "Ọmọ mi ń bá ìjọba wo ilẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń wo ilẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́dún 1993 ni n kò lè gbàgbé.

Wọ́n rán wa lọ sí etí odò kan láti sàmì sí àwọn ilé tó wọ inú ààyè tí òfin fi sílẹ̀ fún omi. Mo gbé ike ọ̀dà pupa, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Sàfíyọ̀ ń wọn ilẹ̀, èmi ń kọ àmì. Ìwọ̀n wa péye, òfin sì wà lẹ́yìn wa. A dé ilé kékeré kan tí opó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó ń gún ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́. Kò pariwo, kò bú wa bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe bú wa. Ó dúró, ó wò mí títí mo fi kọ àmì náà tán, ó wá ní: "Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ibi tí ẹ ní kí n kúrò, mo mọ̀ ọ́n. Níbo ni kí n lọ?"

Máàpù wà lọ́wọ́ mi. Òfin wà lórí mi. Mo mọ ìwọ̀n omi tó lè gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí kan bí òjò bá rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n n kò ní ìdáhùn. Mo ní: "Ìyá, ẹ óò gba lẹ́tà." Ó mi orí, ó padà sídìí odó rẹ̀.

Kátapílà wá láàárín oṣù náà. N kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo kọjá, odó nìkan ni mo rí, ó dojú dé lórí àlàpà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún gba ibẹ̀: ẹlòmíràn ti fi pákó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ojú ibẹ̀, pàǹtí ìlú sì ti kún ìyókù. Omi kò rí ààyè tí a lé opó náà nítorí rẹ̀, opó náà kò sì rí ibi tí yóò gbé.

Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Wọ́n ti darúgbó, wọn kò ta ẹ̀kọ mọ́. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n wá ní: "Òwe yẹn tí mo máa ń pa fún ọ, o gbọ́ apá kìíní, o ò gbọ́ ìkejì. Onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹni tí ẹ lé jáde yẹn, onílé ni. Bí ẹ bá lé onílé lọ tán, ta ni ò ní gbà fún àgbàrá?"

Lọ́dún 1996, wọ́n lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ogún tí mo jẹ.

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìwé kan kún ìparí gbogbo ìjábọ̀ mi. Ìbáà ṣe ọ̀nà omi ọjà ni, tàbí ààtàn, tàbí ọgbà ilé ìwé, ojú ìwé tó kẹ́yìn a máa sọ iye àwọn tí iṣẹ́ náà máa ṣí nípò, a sì máa béèrè ibi tí wọn yóò lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á dá ìjábọ̀ padà fún mi láìsí ojú ìwé náà. Mo ń fi í padà síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan gbéra lọ sí Èkó, àwọn kan lọ sí òkè òkun, owó wọn sì pọ̀ ju tèmi lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n odò tí mo kọ́kọ́ mọ̀ kò kúrò níbi tó wà, èmi náà kò lè kúrò.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mo fi ìgbésí ayé mi ṣe. Ìyàwó mi ń ta aṣọ ní Gbági. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti ń wọn gọ́tà lọ́jọ́ tí a pàdé, lọ́dún 1990. Ó gbé àga fún mi, ó ní ẹni tó bá ń wo gọ́tà tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó jókòó. Ó fara da ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́dọ̀ mi. Ní àkókò kan tí mo ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí n kì í délé ṣáájú alẹ́ Sátidé, òrùlé yàrá àwọn ọmọ ń jò, n kò mọ̀. Ó gbé abọ́ síbi tó ń jò, ó jẹ́ kí n jẹun tán, ó ní: "Bàbá ọmọ mi, ẹ ń ṣètò ilẹ̀ onílẹ̀. Ta ni yóò ṣètò ilé tiwa?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti yọ Sátidé sọ́tọ̀. Mo kan òrùlé náà fúnra mi. Mo gbin ewédú, àgbálùmọ̀ àti ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí àgbálùmọ̀ náà so, àwọn ọmọ mi ti ń bọ̀ wálé láti yunifásítì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, abẹ́ igi odán tó wà níwájú àdúgbò ni ẹ ó ti rí mi, nídìí ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48. Àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta á bí ó ti yẹ, ó sì ń nà mí fún ọdún méjì kí n tó na án lẹ́ẹ̀kan. Nídìí ọpọ́n yẹn ni ọ̀rọ̀ opó tún ti padà wá bá mi. Nínú ayò, ọmọ kan kì í dédé pòórá. Bí o bá kó mẹ́rin kúrò nínú ihò kan, ihò mẹ́rin mìíràn ló máa gbà wọ́n, ọ̀tá rẹ sì lè jẹ́ ẹni tó máa jèrè wọn. Ẹni tó bá ń kó ọmọ láìka ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí, kò tíì mọ ayò. Mo wo ọpọ́n náà pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá náà ní kí n ta, n kò gbọ́.

Ohun kejì tí mo ń ṣe fún ara mi ni òjò wíwọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ní òṣùwọ̀n òjò kan, ike gbọọrọ tí wọ́n fa ìlà sí lára, tí mo rì mọ́lẹ̀ níbi tí igi kò ti ṣíji bò ó. Ní agogo méje àárọ̀, kí n tó fẹnu kan nǹkan, mo ti lọ wò ó, mo ti kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí kò bá sí òjò, mo kọ òdo. Àwọn Yorùbá ní, bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìwé òjò yẹn ni Ifá tèmi. Ó kọ́ mi pé òjò Ìbàdàn ní àṣà tirẹ̀, pé ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àti pé ọdún tí kò bá sinmi, kí ojú onílé má ṣe kúrò lára odò.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò kò sinmi. Nígbà tí mo dé ìdí òṣùwọ̀n mi lówùúrọ̀ Sátidé, ó ti kún, ó ti tú sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò rí iye kọ. Mo kọ pé: "Ó kún, ó ṣàn dànù." Fóònù ti ń dún. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ ti lọ. Omi ti wọ adágún ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kó ẹja lọ. Àwọn tó kú lé ní 100. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tí àga ọ̀rẹ́ mi ṣófo. A ti fi kọnkéré dì Ògùnpa láàárín ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìlú ti tàn dé etí àwọn odò mìíràn, a sì ti kọ́ irú ilé kan náà sí irú ibì kan náà. Mo dúró létí omi lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, mo ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti yá ìjọba fún iṣẹ́ àkóso omíyalé n'Ìbàdàn. Èmi náà wà lára àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé. Ohun tó mú inú mi dùn jù ni òfin kan tó wà nínú irú owó báyìí: a kò gbọdọ̀ ṣí ẹnikẹ́ni nípò láìkọ́kọ́ kà á, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a sì san ohun tó tọ́ sí i. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń yọ kúrò nínú ìjábọ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá, òun ni iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo jókòó ní iwájú ilé àwọn èèyàn, mo gba omi mu lọ́wọ́ wọn, mo sì béèrè pé: "Níbo lẹ fẹ́ lọ?" Ìyá kan ní kò sí ibi tí òun kò lè lọ, àfi ibi tó jìn sí ilé ìwé ọmọ ọmọ òun. Bàbá kan ní ọjà ni kó sún mọ́ òun. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ojú opó ìjọsí ń wá sọ́kàn mi. Mo ti wá a kiri ní àdúgbò tí wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ. N kò rí i.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá bá mi nílé, wọ́n á ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ya ààlà odò. Mo máa ń kọ́ wọn tọkàntọkàn, nítorí odò gbọdọ̀ ní ààlà. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè méjì ni ètò àyíká, ilé ẹ̀kọ́ sì fún mi ní ẹyọ kan. Ìkíní ni: níbo ni kí omi gbà? Ìkejì, ẹnu opó kan ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀dà pupa sì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Bí a bá dáhùn ìkíní láìdáhùn ìkejì, àwọn èèyàn á padà sétí odò, ìkíní náà á sì padà wá bá wa.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló ń bá mi ka òṣùwọ̀n òjò báyìí. Ó máa ń tẹ̀ sórí ìka ẹsẹ̀ kó lè rí ìlà dáadáa, á pe iye, èmi á kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kọ ọ́ tán, ó da omi inú ike náà sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Dípò kó sáré wọlé lọ jẹun, ó dúró ń wo bí omi náà ṣe ń fà lọ lórí ilẹ̀.

"Bàbá àgbà, níbo ló ń lọ?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A tẹ̀ lé omi náà kọjá ìdí àgbálùmọ̀, dé ẹnu gọ́tà, a gba etí gọ́tà dé òpópónà, títí dé ibi tí a ti lè rí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ilé mẹ́ta wà létí odò náà, èéfín ìdáná àárọ̀ ń jáde lára ọ̀kan. Ó wo odò, ó wo àwọn ilé náà.

Ó ní: "Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?"